Aláìsàn Méjì Tí Wọ́n Ní Wọ́n Kọjá Bodè

Ṣàíbù gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Orúkọ mi rèé, mà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Inspẹ́kítọ̀ Àṣìkẹ́ Ọ̀ṣunníyì fa ìwé náà mọ́ra. Òun ni olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìlaròó, obìnrin kúkúrú kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni. Ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo ènìyàn gbẹ, eruku tí àwọn tírélà ń tú sílẹ̀ lójú ọ̀nà sì ti bo gíláàsì fèrèsé débi pé oòrùn òwúrọ̀ dà bí ìgbà tí ojú ọjọ́ bá fẹ́ ṣú.

Ìwé ilé ìwòsàn Ìtùnú-Ara ni. Ó ní ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, áńbúláǹsì gbé Mẹ̀dínátù, ìyàwó Ṣàíbù, ẹni ọdún méjìlélógójì, lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Kútọnu, àti pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Orúkọ ọkọ náà wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó dọ́gba dáadáa.

"Báwo lẹ ṣe máa ń kọ orúkọ yín, Àlùfáà?"

Ṣàíbù gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ lọ sí òsì, ní Lárúbáwá. "Ilé kéú ni mo ti kàwé. Gbogbo ìwé tí mo ti fọwọ́ sí láyé mi, bó ṣe rí nìyí. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá yọ idà sí mi, mi ò lè kọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀fọ́rí ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ti wú bíi bàlúùn, pé ó lè bẹ́ nígbàkúùgbà. Wọ́n ní dókítà kan máa ń ti Èkó wá sí Ìtùnú-Ara ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó máa ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ itan, á tì í títí dé orí, á fi dí ibi tó wú náà. Kò ní la orí rárá. Jímọ̀ tí wọ́n ṣe é, wọ́n ní ó ti parí, ó ń sùn, kí n lọ wo àwọn ọmọ nílé. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní Kútọnu. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n ní bodè tí ìjọba tì ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé."

"Ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀?"

"Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí pé ọmọ Ìpókíá ni mí." Ṣàíbù gbójú sókè. "Ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n tì, mà. Apá ọ̀hún ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi. Mo gun ọ̀kadà gba inú igbó, mo dé ilé ìwòsàn náà ní Kútọnu. Wọ́n ṣí ìwé wọn fún mi láti oṣù kẹwàá dé ìparí ọdún. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, mo bi àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Wọn ò sin ẹni tó jọ ọ́."

Àṣìkẹ́ ká ìwé náà sí méjì. Ẹni tó pa irọ́ yìí, ó rò ó nínú ara rẹ̀, ìwé ìròyìn ló kà. Ó gbọ́ pé wọ́n ti bodè, ó sì rò pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n tì í mọ́.

"Ibo ni ìyàwó mi wà, mà?"

Àṣìkẹ́ fi ìwé náà sínú àpò, ó dìde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kì í ṣe dáadáa láti fún ènìyàn ní ìrètí tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì fojú rí.

*

Mátírọ́nù Dinah Ọmọ́délé ló ń darí Ìtùnú-Ara. Ọkọ rẹ̀ tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Orí rẹ̀ funfun báláú, aṣọ rẹ̀ funfun jù ú lọ, ó sì fi ẹ̀rín pàdé àwọn ọlọ́pàá bí ẹni pé ó ti ń retí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Inspẹ́kítọ̀. Ẹ jókòó. Ọyẹ́ yìí pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n po tíì fún yín."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ọ̀rọ̀ Mẹ̀dínátù, ará Ìpókíá, ló gbé mi wá."

Àṣìkẹ́ ò tíì béèrè ìwé tí Mátírọ́nù fi gbé réjísítà ńlá kan wá. Ó mọ́ tónítóní. Dúdú ni wọ́n fi kọ orúkọ, búlúù ni wọ́n fi kọ ọjọ́, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ bí iṣẹ́ ṣe yọrí sí.

"Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ènìyàn mọ́kàndínlógún ni Dókítà Akínbọ̀wálé ti ṣe iṣẹ́ iṣan ọpọlọ fún níbí. Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹyọ òkú kan ò sí níbẹ̀."

"Àwọn méjì tí ẹ kọ Kútọnu sí ńkọ́?"

"Bàbá Bàrúwà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, àti Mẹ̀dínátù yẹn. Iṣẹ́ tiwọn náà yọrí. Nígbà tó yá ni ara wọn béèrè ìtọ́jú tó ju agbára wa lọ. Ohun tó bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún…" Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Abẹ́òkúta ò jìnnà, Màmá. Bodè kankan ò sì sí lọ́nà ibẹ̀."

"Kútọnu ló ní ẹ̀rọ." Ohùn rẹ̀ ò yí. "Kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì lè dá áńbúláǹsì dúró. Ridwanullah ló wà á lọ, ẹ lè bi í."

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ tíátà ń bọ̀ wá pàdé wọn. Dókítà Akínbọ̀wálé ni. Ó yá mọ́ ènìyàn, ó sì ń kánjú.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ má bínú, mo ní iṣẹ́ ní aago méjì. Toheebat, tíṣà kan láti Ayétòrò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ṣé iṣẹ́ náà léwu?"

"Ó léwu níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlógún láìsí òkú! Ní Èkó pàápàá, mi ò ní irú rẹ̀."

"Ẹ máa ń dúró wò wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́?"

"Rárá o. Tí mo bá ti ṣe tán, Èkó ni mò ń gbà lọ, nítorí ojú ọ̀nà. Mátírọ́nù ló máa ń pè mí láti sọ bí ara wọn ṣe rí. Kò sẹ́ni tó mọ ìwé tọ́jú bíi tiwọn."

Àṣìkẹ́ wo aago. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

*

Bí Ridwanullah ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, eré ló bẹ́ sí. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí wọ́n ṣí áńbúláǹsì, tí wọ́n gbé tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí, àpò ìrẹsì fàyàwọ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, a ti mú un. Ó ń kó aláìsàn lọ, ó ń kó ìrẹsì bọ̀. Ta ló mọ ibi tó ń da àwọn aláìsàn sí nínú igbó?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Ọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà igbó, tó ní ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Àṣìkẹ́ pàápàá fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ó jókòó ti awakọ̀ náà lórí pèpéle.

"Ibo lo gbé Mẹ̀dínátù sí?"

"Ta ni Mẹ̀dínátù, mà?"

"Obìnrin tí o gbé lọ sí Kútọnu ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá."

Ridwanullah yíjú sí i. "Kẹrìnlá oṣù kẹwàá? Mà, oṣù yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti gba áńbúláǹsì lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí ìrẹsì kan náà yìí. Ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ìwé wọn wà nínú ọkọ̀."

Òótọ́ ni. Ìwé náà wà níwájú ọkọ̀, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọjọ́ méjèèjì sì hàn kedere. Ní ọjọ́ tí réjísítà ní áńbúláǹsì ń sáré lọ sí Kútọnu, inú ọgbà Kọ́sítọ́ọ̀mù ló wà.

"Ta ló lọ bá ọ bẹ̀ wọ́n?"

"Mátírọ́nù ni, mà."

Àṣìkẹ́ tún ìwé náà wò. Mátírọ́nù mọ̀ pé ọkọ̀ ò sí nílé, ó sì kọ ọ́ pé ọkọ̀ gbéra. Kí ló ká a lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè wá irọ́ tó dára ju ìyẹn lọ?

"Yàtọ̀ sí ìrẹsì, kí lo tún máa ń gbé?"

"Kò sí o. Àfi páálí tí mo máa ń gbé lọ sí Àfọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ìyá Mátírọ́nù tí ara wọn ò yá. Obìnrin kan ló máa ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì rí Màmá náà rí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkọ̀ sílẹ̀."

Kí Àṣìkẹ́ tó lọ sí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ó yà ní sítọ́ọ̀, ó yá ìwé pẹlẹbẹ kan tí olùtọ́jú ibẹ̀ ń kọ ọjà tó ń jáde sí. Ó kà á lórí ìrìn. Nígbà tó dé ojú ewé oṣù kẹwàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

*

Olúwapẹ̀lúmi, ọkùnrin tó ń tọ́jú fáìlì, kì í wo ènìyàn lójú. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Fáìlì tó ti pupa ga kan àjà.

"Gbé fáìlì Bàbá Bàrúwà àti ti Mẹ̀dínátù wá fún mi," ni Àṣìkẹ́ wí. "Kí o sì ṣàlàyé wọn fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Ó ṣí wọn. Ó ṣàlàyé ojú ewé ìfúnpá, ojú ewé oògùn. Nígbà tó dé ojú ewé tíátà, ó fẹ́ ṣí i kọjá kíákíá. Àṣìkẹ́ gbé ọwọ́ lé e.

"Kí nìyí?"

"Sítíkà ni, mà. Rọ́bà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tì lọ sí orí, sítíkà tirẹ̀ wà lára páálí rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ò jọ ti òmíràn. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, kí a lè mọ èyí tó wọ orí ta bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀."

"Rọ́bà kan lè wọ orí ènìyàn méjì?"

"Rárá, mà! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Tó bá ti jáde lára aláìsàn, sísọnù ni."

Àṣìkẹ́ fi èékánná ha etí sítíkà náà. Kò dán, kò sì ṣí bí ọ̀rá. Ó ya bíi bébà lásán. Fọ́tòkọ́pì ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó ní òdo méjì níwájú, 6307 ló sì parí sí. Ó wo ti Mẹ̀dínátù. 6307.

"Gbé gbogbo fáìlì iṣẹ́ náà wá láti oṣù kẹjọ."

Olúwapẹ̀lúmi kó wọn sílẹ̀. Nínú fáìlì ọkùnrin kan tí wọ́n tọ́jú ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ti bodè ni wọ́n ti rí ojúlówó rẹ̀, ó ń dán, ó ń tàn. 6307. Olúwapẹ̀lúmi ní Kútọnu ni wọ́n ti ń rà á, rọ́bà ìkẹyìn tó wọlé nìyẹn. Láti ìgbà náà wá, tuntun kankan ò wọlé mọ́.

"Ta ló ń lẹ èyí?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn. "Mátírọ́nù ló máa ń kó fáìlì wá fún mi. Wọ́n á ti lẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Láti oṣù kẹsàn-án, mà." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Iṣẹ́ ò sí."

"Fáìlì Toheebat dà?"

Ó wà lórí tábìlì, ó ń dúró de aago méjì. Wọn ò tíì kan obìnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ sítíkà rẹ̀ sílẹ̀. 6307.

Aago kan ààbọ̀ ti kọjá dáadáa. Àṣìkẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò rí kó sáré rí ní Ìlaròó, kó fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ àyà, ó sì sáré.

*

Toheebat ti sùn lórí tábìlì. Wọ́n ti fi aṣọ àwọ̀ ewé bò ó, àfi ibi kékeré kan nísàlẹ̀ itan rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti wà nínú àwo, Dókítà Akínbọ̀wálé sì ti na ọwọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Dókítà!"

"Ta ló jẹ́ kí obìnrin yìí wọlé?"

"Èmi ni mo wọlé. Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Ọkùnrin oṣù kẹjọ. Bàbá Bàrúwà. Mẹ̀dínátù. Ẹni tó wà níwájú yín yìí. Rọ́bà kan ṣoṣo ni."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń fún mi."

Síbẹ̀, ó mú un. Ó gbé e sábẹ́ iná ńlá, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Nǹkan funfun kan bó kúrò lára rẹ̀, ó já sílẹ̀ sórí aṣọ bí eérún iyọ̀. Ó tún un tẹ̀. Òmíràn já.

Ìró ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn Toheebat nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Ohun tó wọ inú ọpọlọ wọn nìyí," ni dókítà náà sọ jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Mátírọ́nù tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ sọ fún mi pé Bàbá Bàrúwà ti ń rìn. Ẹ ní ó jẹ ẹ̀wà, ó bèèrè lọ́wọ́ yín ìgbà tí òun máa lọ sílé. Ká ní ẹ sọ òótọ́ fún mi nípa ẹnì kìíní, ṣé mi ò ní dúró? Ṣé màá tún fọwọ́ kan ẹnì kejì?"

"Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Mátírọ́nù jókòó sórí àpótí irin. "O ò ní wá mọ́. Ọkọ mi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ilé yìí kí àwọn ará ẹkùn yìí má bàa máa kú sójú ọ̀nà Èkó. Ẹrù wa há sí Kútọnu. Mo fọ̀ ọ́. Mo rẹ ẹ́ sínú oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé tó bá ti mọ́, ó tó."

"Bàbá Bàrúwà ńkọ́, Màmá?" Ohùn Àṣìkẹ́ ò ròkè.

"Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé iṣẹ́ náà ló kú. Ó wà ní mọ́ṣúárì kan ní Ayétòrò. Orúkọ mìíràn ni mo kọ sí i."

"Mẹ̀dínátù?"

"Òun náà kú."

Àṣìkẹ́ fa ìwé pẹlẹbẹ sítọ́ọ̀ náà yọ. "Ẹ mọ ìwé ńlá kọ, Màmá. Ìwé kékeré lẹ ò rántí. Láti oṣù kẹwàá, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pámpáàsì àgbà ń jáde, rọ́bà tí wọ́n fi ń ti imú fún aláìsàn lóúnjẹ ń jáde. Wọn ò kọ wọ́ọ̀dù kankan sí i. Àfọ̀n ni wọ́n kọ. Ta ló ń jẹun ní Àfọ̀n?"

Obìnrin náà wo ìwé náà.

"Mẹ̀dínátù ni. Ọkọ̀ àháyà ni mo fi gbé e lọ síbẹ̀ lóru. Kò lè sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ pátápátá. Mo fẹ́ kí ara rẹ̀ yá díẹ̀ kí n tó gbé e padà fún ọkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí rẹ̀."

"Ẹ sì pe ọkọ rẹ̀ pé ó ti kú."

"Mo rò pé kò ní pẹ́ mọ́."

Nọ́ọ̀sì kan bú sẹ́kún. Dókítà Akínbọ̀wálé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jí Toheebat díẹ̀díẹ̀.

*

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n gba ọ̀nà Àfọ̀n. Ṣàíbù jókòó níwájú. Fóònù Àṣìkẹ́ dún nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Dókítà náà ni. Ó ti jókòó ti réjísítà, ó ń pe àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ lẹ́nu wọn. Mẹ́sàn-án ti gbé e, ara wọn le. Ẹnì kan ní ojú òun kan ò ríran dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, ó ti sọ fún Mátírọ́nù. Wọ́n kọ "ó yá" síwájú orúkọ rẹ̀. Fóònù àwọn méjì ń dún lásán.

"Ẹ máa pè wọ́n," ni Àṣìkẹ́ wí, ó sì pa fóònù.

Ilé bíríkì kan ni, láàárín oko ẹ̀gẹ́. Obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Roheemat ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé aláìsàn rọpárọsẹ̀ kan ni, tí kò ní ẹbí.

"Mi ò fìyà jẹ wọ́n o. Ẹ wọlé wá wò wọ́n. Mò ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì-méjì. Egbò kankan ò sí lẹ́yìn wọn."

Yàrá náà mọ́. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé tìmùtìmù, rọ́bà kékeré wà nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Ó ti rù débi pé Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ò lè sọ bóyá òun ni ẹni inú fọ́tò tí Ṣàíbù fi hàn án. Ṣàíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kò lè wọlé.

"Kí lorúkọ wọn, ẹ jọ̀ọ́?" Roheemat béèrè láti ẹ̀yìn. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pè wọ́n ní Màmá. Wọn kì í yíjú."

Ṣàíbù yíjú sí ẹní náà.

"Mẹ̀dínátù," ló wí.

Orí náà kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹrù tó wúwo, títí ojú rẹ̀ fi kan ẹnu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn kankan ò sì jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹní, ó ń lù ú ní kíákíá, kò sì dáwọ́ dúró títí Ṣàíbù fi rìn wọlé tó sì dì í mú.